Ánímé tó já wa kulẹ̀: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí The Promised Neverland

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe, ní Ṣómólú. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, tí a bá ti pa ẹ̀rọ, tí a sì ti fọ íńkì kúrò lọ́wọ́, àwa bíi mẹ́jọ máa ń kóra jọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. A ó ka mángà, ìyẹn ìwé ìtàn alàwòrán ti Japan, a ó wo ánímé, ìyẹn fíìmù àwòrán tí wọ́n sábà máa ń ti inú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣe, lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, a ó sì máa jiyàn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àwọn kan ń wá láti Àkọkà, àwọn kan láti Bárígà, ẹnì kan ń ti Ọ̀yìngbò wá. Kò sí ẹni tuntun tó jókòó tì wá lẹ́ẹ̀mejì tí kò gbọ́ tí a ń dárò abala kejì ánímé The Promised Neverland, tí wọ́n ti inú mángà ṣe, kò sì sí èyí tí kì í béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìbéèrè wọn ni mo kó jọ síbí. Mò ń tú gbogbo ìtàn náà síta o. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá tíì kà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ ka ìwé náà ná kí ẹ tó padà wá.

Kí ni ìtàn náà dá lé lórí?

Ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí kan ni, Grace Field House. Ọmọ 38 ló ń gbé ibẹ̀ lábẹ́ ìtọ́jú obìnrin kan tí gbogbo wọn ń pè ní Mama. Oúnjẹ wọn dára, aṣọ wọn funfun báláú, wọ́n ń sáré ṣeré nínú igbó ẹ̀yìn ilé. Ohun méjì péré ló ṣàjèjì: ìdánwò tí wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́, àti nọ́ńbà tí wọ́n fín sí ọrùn kálukú wọn. Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ní àwọn kan fẹ́ gba Conny, ọmọ ọdún 6, tọ́, ọmọ náà gbàgbé bèbí ehoro rẹ̀ sílé. Emma àti Norman gbé e sá tẹ̀lé e dé ẹnu géètì. Òkú Conny ni wọ́n bá nínú ọkọ̀. Ẹran ọ̀sìn ni gbogbo wọn. Ànjọ̀nú ló ń jẹ wọ́n, ọpọlọ ni wọ́n sì fẹ́ràn jù lára wọn, ìyẹn ni ìdánwò fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà ni Emma, Norman àti Ray, àwọn ọmọ ọdún 11, ti ń gbìmọ̀ bí àwọn ọmọ ilé náà ṣe máa sá mọ́ Mama lọ́wọ́.

Kaiu Shirai ló kọ ọ́, Posuka Demizu ló ya àwòrán rẹ̀. Ó jáde nínú Weekly Shonen Jump, ìwé mángà tó ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní Japan, láti Oṣù Kẹjọ 2016 títí di Oṣù Kẹfà 2020: orí 181, ìdìpọ̀ 20. Ó gba àmì ẹ̀yẹ mángà Shogakukan ní 2018.

Ṣé gbogbo ánímé náà ló burú ni?

Rárá o. Ẹ jẹ́ ká fi ọlá fún ẹni tí ọlá tọ́ sí. Abala kìíní, tí ilé iṣẹ́ CloverWorks ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ 2019, tí Mamoru Kanbe sì darí, wà lára ohun tó dára jù tí mo ti fi ojú ara mi wò. Ó sì yí ìwé padà. Nínú mángà, àwọn ọmọ náà máa ń rò lọ́kàn púpọ̀, èèyàn á ka gbogbo èrò wọn. Ánímé gé èyí tó pọ̀ níbẹ̀, ó wá fi ojú, ìró ẹsẹ̀ lórí pákó àti ìdákẹ́jẹ́ dípò rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ráhùn nínú wa.

Ibì kan tilẹ̀ wà tó ju ìwé lọ. Isabella, ìyẹn Mama, ní orin kan tó máa ń kùn. Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Leslie ló dá orin náà nígbà tí Isabella fúnra rẹ̀ ṣì jẹ́ ọmọdé nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tó mú Leslie lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ó gbọ́ orin kan náà lẹ́nu Ray kékeré, ibẹ̀ ló sì ti mọ̀ pé ọmọ inú òun ni. Ìwé kò lè kọrin sí wa létí. Takahiro Obata tó ṣe orin ánímé náà ló fún un ní ohùn, ohùn yẹn kò sì kúrò lórí mi títí di òní. Tí mo bá ń to ìwé pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń kùn ún láìmọ̀.

Kí wá ló ṣẹlẹ̀ ní abala kejì?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Abala kìíní fi apá 12 sọ orí 37 nínú ìwé, bí orí mẹ́ta-mẹ́ta fún apá kan. Orí 144 ló kù. Apá 11 ni wọ́n fún abala kejì, tó jáde láti Oṣù Kínní sí Oṣù Kẹta 2021, ibẹ̀ ni wọ́n sì parí gbogbo ìtàn náà sí. Ó dà bí dáńfò tó kó èrò ní Ojúẹlẹ́gba, tó ní òun máa ń dúró ní gbogbo ibùdókọ̀, tí kò sì tẹ bíréèkì mọ́ títí ó fi dé Ìyànà-Ìpájà.

Ibùdókọ̀ tó dùn wá jù tí wọ́n kọjá ni Goldy Pond. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ náà sá, wọ́n dé ilé kan lábẹ́ ilẹ̀. Nínú mángà, ọkùnrin kan wà níbẹ̀. Ó ti dá gbé fún ọdún 13, orí rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dàrú. Ó ń bú wọn, ó na ìbọn sí wọn, kò fẹ́ rí ọmọ kankan, nítorí òun náà ti jẹ́ ọmọ tó sá rí, àwọn tí wọ́n jọ sá sì ti kú ní Goldy Pond, ibi tí àwọn ọlọ́lá láàárín ànjọ̀nú ti ń fi ọmọ èèyàn ṣe ọdẹ. Yuugo ni orúkọ rẹ̀. Emma ò fi í sílẹ̀. Nígbà tó yá, Goldy Pond gan-an ló padà lọ, ó wá rí i pé Lucas, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó rò pé ó ti kú, wà láàyè níbẹ̀, tó ń kó àwọn ọmọdé mìíràn jọ láti jà. Ìjà yẹn gba orí tó lé ní ogún. Lẹ́yìn rẹ̀, Yuugo àti Lucas di bàbá fún gbogbo wọn, inú bàbá yẹn náà ni wọ́n sì kú sí, kí àwọn ọmọ lè ráàyè sá.

Nínú ánímé, àwọn ọmọ náà dé ilé abẹ́ ilẹ̀ yẹn, wọn kò bá ẹnì kankan.

Mo ní ìdí tèmi tí èyí fi wọ̀ mí lára. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ dá sùn sí ṣọ́ọ̀bù fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kò fẹ́ ọmọ iṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni kò pè mí lórúkọ. Òun náà ló wá kọ́ mi bí a ṣe ń fi ìka gbọ́ bóyá bébà ti gbẹ, òun ló san owó ìdánwò mi. Nígbà tí mo ka Yuugo, mo mọ ẹni tí mò ń kà. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí èmi àti àbúrò mi jọ ń wo abala kejì, tó yíjú sí mi tó ní, “Bọ̀ọ̀dá, bọ̀ọ̀dá tí ẹ ń ròyìn rẹ̀ fún mi dà?”, mi ò rí èsì fọ̀ sí i.

Báwo ni wọ́n ṣe parí rẹ̀?

Pẹ̀lú àwòrán tó dúró sójú kan. Ní ìparí apá 11, Emma àti àwọn díẹ̀ dúró sí ayé àwọn ànjọ̀nú láti tún un ṣe. Orin bẹ̀rẹ̀, àwòrán ń tẹ̀ lé àwòrán: àdéhùn tí Emma lọ ṣe, ogun, ìtúsílẹ̀ àwọn ọmọ tó kù, àtúnṣe ìlú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwòrán wọ̀nyẹn jẹ́ ohun tí a kà fún oṣù mélòó kan. Nígbà tí ojú á fi ṣẹ́, wọ́n ti pàdé Emma padà, ó tán.

Àlọ́ wa pàápàá máa ń yí láti ẹnu dé ẹnu. Kí ló dé tí ẹ ò gbà kí wọ́n yí mángà?

A gbà. Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí inú àlọ́ gan-an ni ìdáhùn rẹ̀ wà.

Gbogbo wa la mọ àlọ́ Ìjàpá tó lá oògùn tí babaláwo ṣe fún ìyàwó rẹ̀, tí inú òun fúnra rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ìyá bàbá mi ń pa á, ẹ̀gbọ́n bàbá mi náà ń pa á. Ti ọ̀kan, Ìjàpá kú. Ti èkejì, ó sá wọ igbó. Ọ̀kan á ní ẹsẹ̀ ló fi kọ, tó fọwọ́ kan ilẹ̀, tó fọwọ́ kan ẹnu. Èkejì á ní òórùn ọbẹ̀ ló fà á. Kò sẹ́ni tó bá wọn jà. Ṣùgbọ́n kí ẹnì kan dédé sọ pé Ìjàpá padà lọ bẹ babaláwo, ó sì parí, láìkọ orin rẹ̀, láìjẹ́ kí a gbè é pé “alugbinrin”? Àwọn ọmọ á dìde. Wọ́n á ní ẹ ò tíì pa á.

Goldy Pond ni alugbinrin ìtàn yìí. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ tó ń sá ti kọ́kọ́ yíjú padà láti jà, ibẹ̀ ni àgbàlagbà kan ti kọ́kọ́ dúró tì wọ́n. Tí ibẹ̀ bá ti kúrò, gbogbo ohun tí Emma ṣe lẹ́yìn náà kò ní ẹsẹ̀ mọ́.

Ẹ sì wo ilé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ Ó Le Kú ní 1974, Túndé Kèlání sọ ọ́ di fíìmù ní 1997. Ẹni tó ka ìwé náà mọ̀ pé fíìmù kò lè gbé gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀ ìdààmú Àjàní láàárín Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé wà níbẹ̀ pérépéré, òun la sì wá wò. Ẹni tó sọ ọ́ di fíìmù mọ ibi tó yẹ kó dúró sí.

Ṣé Shirai tó kọ ọ́ kò mọ̀ sí i ni?

Ó mọ̀ sí i. Ó wà lára àwọn tó ṣètò ìtàn abala kejì. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, àwọn òǹwòran rí i pé orúkọ rẹ̀ kò sí mọ́ láàárín àwọn orúkọ tó ń kọjá níparí. Mi ò ní kọ́ ilé sórí ìyẹn. Ẹni tó ni ọmọ lè gbà kí wọ́n fá orí ọmọ rẹ̀, kó sì jẹ́ pé abẹ wọn ni kò dáa.

Ta ni ká bínú sí, nígbà náà?

Ẹ má bínú sí àwọn tó ń ya àwòrán. Mo bẹ̀ yín.

Ní Japan, ìgbìmọ̀ olówó ló sábà máa ń wà lẹ́yìn ánímé kan: ilé iṣẹ́ tó ń gbé ìwé jáde, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, àwọn olórin, àwọn tó ń ta bèbí. Wọ́n á dá owó jọ, àwọn náà ló ń pinnu iye apá tó máa ní àti ìgbà tó máa jáde. Ilé iṣẹ́ tó ń ya àwòrán dà bí agbaṣẹ́ṣe. Wọ́n á san owó iṣẹ́ fún un, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò sì ní ìpín nínú èrè. Ẹni tó ń ya àwòrán gan-an, iye tó bá yà ni wọ́n sábà máa ń sanwó rẹ̀, owó náà kéré. Lójú àwọn olówó yìí, ánímé tún jẹ́ ìpolówó fún ìwé. Ìwé yìí ti parí ní Oṣù Kẹfà 2020. Oṣù Kẹwàá ọdún náà ló yẹ kí abala kejì jáde, àrùn Kòrónà ló sún un sí 2021. Lójú tèmi, ọjà tí wọ́n ń polówó ti ń tán lọ nílé ìtajà kí ìpolówó tó dé.

Mo mọ ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀. Nígbà kan, oníbàárà kan gbé ìwé ètò ìsìnkú wá bá wa ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ojú ìwé 64, fọ́tò ò tíì pé, àárọ̀ Jímọ̀ ló ń fẹ́ ẹ. Wọ́n mú iná lọ lẹ́ẹ̀mejì lóru yẹn. Fọ́tò olóògbé jáde dúdú lójú ìwé àkọ́kọ́. Ọmọ tó dúró ti ẹ̀rọ, tí kò sùn, tí kò jẹun, òun ni gbogbo ẹbí yẹn dúró bú níwájú ṣọ́ọ̀bù. Mo gbọ́ èébú náà títí dòní. Nítorí náà, tí mo bá rí ẹni tó ń ṣépè fún ẹni tó ya àwòrán kan fún CloverWorks, inú mi kì í dùn rárá.

Ṣebí mángà náà, àwòrán tó dúró ni. Kí ló wá burú bí ánímé bá dúró?

Ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ ti Blue Lock, mángà mìíràn tí wọ́n sọ di ánímé, ju ti Neverland lọ, ó sì jẹ́ ti àwọn ọmọ Bárígà tó ń wá sọ́dọ̀ wa, nítorí bọ́ọ̀lù ni. Muneyuki Kaneshiro ló ń kọ ọ́, Yusuke Nomura ló ń yà á, láti 2018: gọ́ọ̀lù nìkan ni àwọn agbábọ́ọ̀lù 300 tí wọ́n tì mọ́ ibì kan ń wá, kí Japan lè rí ẹni kan tó ní ìmọtara-ẹni-nìkan tó láti jẹ ife ẹ̀yẹ àgbáyé. Abala kìíní ánímé rẹ̀ ní apá 24, ó dára. Abala kejì jáde ní ìparí 2024, apá 14, lórí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ pẹ̀lú ikọ̀ Japan tí ọjọ́ orí wọn kò ju 20 lọ. Ìdíje tí gbogbo ìwé náà ti ń sáré bọ̀ wá bá nìyẹn. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ń yọ̀ kọjá lórí pápá bí bébà tí a gé; àwòrán á dúró, ẹnu nìkan á máa mì. Ọmọ ọdún 12 kan lára wa bi mí pé, “Bọ̀ọ̀dá, ṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló dúró ni?”

Ẹ wò ó, iṣẹ́ ojú ìwé niṣẹ́ mi. Ojú ìwé mángà kò dúró. Apá ọ̀tún lo ti ń kà á lọ sí apá òsì. Nomura á na ẹsẹ̀ Isagi, akọni ìtàn Blue Lock, gba ojú ìwé méjì tó kọjú síra, bọ́ọ̀lù á já àpótí rẹ̀, ìyẹn ìlà tí wọ́n fà yí àwòrán kọ̀ọ̀kan ká, jáde, ojú rẹ á sì máa sáré tẹ̀ lé e. Ojú rẹ ló ń sáré. Àpótí ńlá dá ọ dúró, àpótí tẹ́ẹ́rẹ́ lé ọ lọ, ohun tó máa já ọ láyà, wọ́n fi pa mọ́ sẹ́yìn ojú ìwé tí o fẹ́ ṣí. Ìwọ lo ni àkókò. Nínú ánímé, ẹni tó ṣe é ló ni àkókò. Tó bá ní kí o wo àwòrán kan fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ ni wàá jókòó sí, ojú rẹ kò sì ní ibi tó máa sáré lọ. Àwòrán kan náà ni, ó ti di òkú.

Àti pé, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ra détà fún un. Kéèyàn san owó fíìmù, kí wọ́n fi fọ́tò jíṣẹ́ fún un, ó ń dunni.

Ṣé kí n wo abala kejì Neverland?

Ẹ ka ìwé náà tán ná.

Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ ìwé náà bí mo bá ti wo abala kìíní?

Orí 38 ni ìtàn ti bọ́ síwájú. Àmọ́ orí 1 ni mo máa ń ní kí èèyàn ti bẹ̀rẹ̀, nítorí èrò ọkàn àwọn ọmọ náà tí ánímé gé kúrò, àti nítorí àwòrán Demizu. Ó máa ń fi nǹkan pa mọ́ sí igun ojú ìwé. Ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé Viz ti tẹ gbogbo ìdìpọ̀ 20 náà lédè Gẹ̀ẹ́sì. Shueisha tó ni Jump náà ní áàpù tirẹ̀, Manga Plus, láti 2019. Mo mọ̀ pé owó ò rọrùn, mi ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ìdìpọ̀ kan ṣoṣo ni mo kọ́kọ́ rà, gbogbo wa la sì jọ kà á títí gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ fi tú. Èmi náà ni mo tún un lẹ̀.

Màmá mi ní kàtúùnù ọmọdé lásán ni, pé àgbàlagbà kì í sunkún nítorí rẹ̀.

Ẹ kí wọn fún mi. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jókòó tì yín fún apá kìíní abala kìíní, ìṣẹ́jú 24 péré. Màmá tèmi ń ṣa ẹ̀wà nígbà tí wọ́n bá mi wò ó. Nígbà tí Emma ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn, ẹ̀wà dúró lọ́wọ́ wọn. Wọn ò sọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ mi bóyá àwọn ọmọ tó kù rí ọ̀nà sá.

Ǹjẹ́ wọ́n lè tún un ṣe lọ́jọ́ kan?

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí ìwé mìíràn rí. Wọ́n ṣe Fullmetal Alchemist ní 2003, apá 51, nígbà tí Hiromu Arakawa ṣì ń kọ ọ́, wọ́n sì wá ìparí mìíràn fún un. Ní 2009 wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú apá 64, ìparí rẹ̀ sì bá ti ìwé mu. Fruits Basket ti Natsuki Takaya dúró lágbedeméjì pẹ̀lú apá 26 ní 2001. Láti 2019 sí 2021, wọ́n padà sọ gbogbo rẹ̀ tán, apá 63. Ọdún 18 ló wà láàárín méjèèjì. Mo lè dúró fún ọdún 18. Àwọn ọmọ tó ń wá sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wa ni mò ń rò, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn wo abala kejì, wọ́n ní àwọn ti mọ ìtàn náà, wọn ò sì ṣí ìwé.

Àbúrò yín ńkọ́? Ṣé ó ti wá kà á?

Ó ti ń kà á. Ó kọ́kọ́ kọ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó ní òun ti mọ bó ṣe parí. Oṣù tó kọjá ló mú un nílẹ̀ nígbà tí kò sí iná. Ó kà á dé ibi tí ọkùnrin inú ilé abẹ́ ilẹ̀ yẹn ti na ìbọn sí Emma, ó pa ìwé náà dé, ó sì rìn wá bá mi nídìí ẹ̀rọ. Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, ọ̀gá yín nìyí, àbí?”